Mo Fọ Ahọ́n Mi Lọ Bá Màmá Wen

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Thames View Estate,
                                        Barking,
                                        Lọ́ńdọ̀nù.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì, 2025.

Adékẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ooru tó ń mú nílé báyìí, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọn ò jẹ́ kí o sinmi. Ara ńkọ́? Bàbá Dámiláre ńkọ́, ṣé orúnkún ò dùn wọ́n mọ́? Dámiláre fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti parí àgùnbánirọ̀? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fọ aṣọ wọn fúnra wọn, tí wọ́n ń lé ẹni tó bá fẹ́ bá wọn fọ̀ ọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Òtútù ń mú, ṣùgbọ́n òtútù Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ìròyìn.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa wò ó pé kí ló dé tí Mọ́níkẹ́ ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ ìjọ wa kan, ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán. Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi pè ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná. O mọ̀ mí, mi ò lè sọ ìtàn láìbẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ni. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí ara mi ti yí padà. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ tí èèyàn á sùn, tí á jí, tí á sì ti lọ. Èyí ń bá mi sùn, ó tún ń bá mi jí. Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Aago méje àárọ̀ mo gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní àdúgbò Gascoigne, ní apá tí ìjọba ò tíì wó ilé ibẹ̀, kí n wẹ̀ fún un, kí n po tíì fún un, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ẹlòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá yìí, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn. Nígbà tí mo lajú, bàbá ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bò mí léjìká. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ kan wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ kejì wà níta, ó ń dúró kí n jí. Ojú tì mí, Kẹ́mi. Èmi ni wọ́n rán láti wá tọ́jú rẹ̀.

Kí o má baà sọ pé mi ò lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ rí dókítà àdúgbò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ṣúgà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan gidi kan, kí n máa sinmi. Ní ìjọ, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Adédèjì ọkọ mi ní ọjọ́ orí ni, bí ẹni pé òun kéré. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, mi ò sì gba tẹnikẹ́ni gbọ́. Mo ṣáà fẹ́ mọ̀ ni. Láti kékeré, bí nǹkan ò bá yé mi, mi ò kì í lè jókòó. Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo tú ẹ̀rọ ìránṣọ màámi palẹ̀, tí mo fẹ́ mọ ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ti ń pàdé tòkè, tí èmi àtìwọ ò wá lè tò ó padà? Ìwọ lo sá lọ o, èmi ni mo jẹ ẹgba.

Basheerah, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ní kí n lọ bá màmá oníṣègùn ará Ṣáínà kan ní Heathway, níhà Dagenham. Ẹ̀yìn ti ń dun Basheerah tipẹ́, ó ní abẹ́rẹ́ tí màmá yẹn gún fún òun ló jẹ́ kí òun lè máa bẹ̀rẹ̀. Màmá Wen ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, láàárín ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń gẹrun. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ewé àti egbò igi kí mi káàbọ̀, àfi bí yàrá ìyá àgbà mi ní Ìbarà. Ara mi kọ́kọ́ balẹ̀ nítorí òórùn yẹn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe. Basheerah ti sọ fún mi pé wọ́n á wo ahọ́n mi. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ta ló máa gbé ẹnu àìfọ̀ lọ síwájú àgbà? Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi pákò fọ eyín, mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, mo wá fi síbí ha ahọ́n mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo débẹ̀, tí wọ́n ní kí n yọ ahọ́n síta, ẹ̀rù tún bà mí. Ọmọ tó bá yọ ahọ́n sí àgbà nílé wa, ṣé o mọ ohun tí ojú rẹ̀ máa ń rí? Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún wọn díẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Màmá Wen tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n mi orí, wọ́n bi mí pé kí ni mo fi ṣe é. Mo ní mo fọ̀ ọ́ nítorí tiwọn ni. Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní ohun tó wà lórí ahọ́n gan-an ni àwọn fẹ́ kà, èmi sì ti gbá àgbàlá kí àwọn tó dé, àwọn ò rí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní kí n lọ, kí n padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ahọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Bí mo ṣe gbé ẹnu àìfọ̀ wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ Barking nìyẹn, tí mo tún gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin dé Heathway. Ọmọ ìjọ wa kan pàdé mi nínú ọkọ̀, ó ń bi mí léèrè ìdílé, mo pa ẹnu dé, mo kàn ń mi orí bí alángbá. Ó ti máa rò pé mo ń bá a jà.

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún, wọ́n dijú, ó pẹ́ gan-an, wọ́n tún bọ́ sí òsì. Mo rò pé wọ́n ń ka iye ìgbà tí ó ń lù, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní rárá, pé ìka kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ti ẹ̀yà ara kan, pé bí ó ṣe ń lù ni àwọn ń tẹ́tí sí, bóyá ó jìn, bóyá ó fúyẹ́, bóyá ó ń sáré. Tèmi jìn, wọ́n ní àwọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àwọn tó bá a. Ahọ́n mi náà ṣì funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ó wú, ojú eyín wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo délé mo lọ bá dígí. Òótọ́ ni, ojú eyín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ti ń gbé ahọ́n kiri tí mi ò wò ó rí.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé, bí mo bá gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní ikùn dà bí ìkòkò lórí iná. Ohun tí èèyàn jẹ ni ìkòkò yẹn ń sè, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń di nǹkan tó ń rìn káàkiri ara, tí wọ́n ń pè ní qi. Mo bi wọ́n pé ṣé èémí ni. Wọ́n ní èémí wà nínú rẹ̀. Mo ní ṣé okun ni. Wọ́n ní okun náà wà nínú rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀mí èèyàn gan-an ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn mu tíì àwọn. Iná abẹ́ ìkòkò, ní tiwọn, ìdí ẹ̀yìn ló wà, nídìí kíndìnrín. A bí i mọ́ wa ni, ó sì ní ìwọ̀n. Bí a bá ń gbé ìkòkò òfìfo kalẹ̀ sórí rẹ̀, tàbí tí a ń da omi tútù sí i lójoojúmọ́, á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àròjù náà máa ń dí ìkòkò yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá dókítà á gbà bẹ́ẹ̀, Màmá Wen fúnra wọn sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ fi dókítà mi sílẹ̀, pé kí n padà lọ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa bá mi sọ̀rọ̀ àárẹ̀ yìí bí nǹkan tó ní ibi tó ti wá. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìbéèrè wọn ló wá kó mi sí wàhálà. Ṣé mò ń sùn? Mo ní mo dúpẹ́. Ṣé oúnjẹ ń wù mí jẹ? Mo ní a ò ráhùn. Ṣé òtútù máa ń mú mi ju àwọn ẹlòmíràn lọ? Mo ní Ọlọ́run ń ṣe é. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nínú ìjọ, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Màmá Wen gbé bíírò wọn sílẹ̀, wọ́n wò mí. Wọ́n ní bí gbogbo nǹkan bá dára tó báyìí, kí wá ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ àwọn?

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Wọ́n gbá ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n sì yára fi í sílẹ̀ nítorí bó ṣe tutù tó. Wọ́n bi mí pé ilẹ̀ wo ni mò ń tẹ̀. Èyí mo lè sọ, kò sí àìsàn nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé ìjọ wa fún wọn, aṣọ funfun wa, pé a kì í wọ bàtà síwájú Olúwa, pé ibi tí à ń lò báyìí, ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, a sì máa ń dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, ìgbà òtútù, ìgbà ooru. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn ò bá ilẹ̀ mímọ́ jà. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, ojú kan wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orísun, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé lọ bá kíndìnrín. Wọ́n wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá Ọlọ́run wa máa bínú bí a bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè èyí tó kù. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni mi ò kì í jẹun? Bí wọ́n ṣe mọ̀, mi ò mọ̀. Mo ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, láti ìdájí títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mi ò kì í fi omi kan ẹnu. Àti pé mò ń ṣiṣẹ́ láwọn ọjọ́ yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà wo? Mo ní ọdún mẹ́ta. Nítorí ta ni?

Kẹ́mi, nítorí rẹ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, tí wọ́n fẹ́ yọ kókó yẹn lọ́mú rẹ, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ìjọ láti àárọ̀. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mo ní bí Olúwa bá dá ọ sí, n ó máa gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì títí ara rẹ á fi yá. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Adédèjì rò pé ààwẹ̀ ìjọ ni. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, o gba oògùn tó mú irun rẹ re, irun hù padà, ó sì ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti sọ fún ọ pé àwọn ò rí nǹkan kan mọ́. Ó yẹ kí n ti dúpẹ́, kí n sì jẹun. Mi ò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa ń gbé síbí, mo máa ń rò ó pé bí mo bá jẹ ẹ́ lónìí, tí nǹkan burúkú yẹn bá padà wá, èmi ni mo pè é.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Wen. Wọ́n bi mí pé ara ọ̀rẹ́ mi náà ńkọ́ báyìí. Mo ní ó ti yá. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní mo máa ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo máa ń bi í pé ara ńkọ́, ó sì máa ń ní òun dúpẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní àtẹ̀gùn méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn, pé mo di ògiri mú kí n tó lè gùn ún, mo sì wọlé wá sọ fún àwọn pé mo dúpẹ́.

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tíntìntín sí mi lábẹ́ orúnkún, wọ́n wá jó ewé kan tí wọ́n lọ́ bí sìgá lẹ́bàá àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò kàn mí lára, ooru rẹ̀ ṣáà ń wọlé. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ọdún mẹ́ta ni mo fi ń febi pa ara mi nítorí ara rẹ tí mi ò béèrè rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo ti lọ. Wọ́n kó egbò igi kan fún mi pé kí n máa sè mu, ó korò ju jogbo lọ. Mofẹ́olúwa ọmọ mi ní òórùn rẹ̀ ti wọ gbogbo aṣọ òun, ó ní mummy, this is actually mad, ṣùgbọ́n òun náà ló ń bá mi tan iná sí i. Mi ò mu omi fíríìjì mọ́. Mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, lọ́tẹ̀ yìí mo sọ òótọ́ nípa ààwẹ̀ àti oorun mi. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan, gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ látẹ̀yìnwá. Wọ́n ti tún gba ẹ̀jẹ̀, a ń retí èsì. Bí o bá bi mí bóyá ó ti ń dára, màá ní díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni, tàbí omi gbígbóná, tàbí pé ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tó sì dúró gbọ́ èsì. Mo ṣì ń wádìí rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà lọ bá Alàgbà Adéyanjú, olùṣọ́ ìjọ wa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ́ tó bá ti pé, ọpẹ́ ló kù, pé Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ síbí lẹ́nu èèyàn. Wọ́n ní ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ jẹ́ ẹ, ṣé ó mọ̀? Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n sọ fún un. Bí mo ṣe ń dìde ni mo fi dọ́gbọ́n mú ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì wọlé, mo rò pé wọ́n á bínú. Alàgbà gbé sùtánà sókè díẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tiwọn hàn mí, ó ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ti ń wá ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ti dé o, àwọ̀ búlúù.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ rèé. Lórí fóònù, kí n tó parí ìbéèrè, ẹnu rẹ á ti ní òun dúpẹ́, ẹnu tèmi náà á ti dáhùn pé ọpẹ́ ni fún Olúwa, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa méjèèjì la dákẹ́.

Bá mi kí Bàbá Dámiláre, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn. Kí Dámiláre, ní kó máa rántí màmá rẹ̀ tó wà lókè òkun. Kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Adédèjì àti Mofẹ́olúwa ní kí n kí ọ.

Lókè lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ sí ọ pé tiwa níbí, a dúpẹ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ kí n tó ronú. Ara mi ò le, Kẹ́mi. Ó ti rẹ̀ mí, ó sì ti pẹ́. Mo ti sọ tèmi. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan lókè náà, mo fẹ́ tún bi ọ́ báyìí, mo sì fẹ́ dúró gbọ́ ọ, ohun yòówù kó jẹ́. Ara ńkọ́?

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ti rẹ̀,
                                        Mọ́níkẹ́.

Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ àárọ̀. Mi ò tíì gbé lẹ́tà yìí fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Mofẹ́olúwa se ìrẹsì rọ̀ bí ògì, ó gé atalẹ̀ sí i bí Màmá Wen ṣe wí, ó gbé e ka iwájú mi, ó sì jókòó tì mí. Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Tètè dá mi lóhùn.